Orúkọ Látìn Ohun tí Mo Fún Màámi

Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí pé láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yanjú. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní, ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní kẹ́mísìtì: ìlẹ̀kùn kan péré, bẹ́ǹṣì kan níwájú, kọ́tìnì kan tó ya ẹ̀yìn sọ́tọ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Dópẹ̀mú. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ tí kò fi ní kan iṣan. Wọ́n fún wa láṣọ funfun, a ya fọ́tò, ó parí. Ìwé àṣẹ tí mo gbé kọ́ ara ògiri to ohun tí mo lè tà lẹ́sẹẹsẹ: oògùn orí fífọ́, oògùn ikọ́, oògùn ibà, gbogbo rẹ̀ nínú páálí tó bá wá. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé ara ògiri?

Àwọn oníbàárà mi ló sọ mí di alábẹ́rẹ́. Bíríkìlà kan á wọlé, ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dùbúlẹ̀. Màá ka oògùn oníhóró fún un, màá ṣàlàyé ti àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́, á kàn máa wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Dókítà, ṣé ẹ ò ní gún mi ni?"

"Èyí tí mo fún yín yẹn á ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀ pé á ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà gún mi."

Lójú wọn, ìpanu ni oògùn oníhóró. Abẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú. Ó gbọ́dọ̀ dùn wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ tiro délé, kí àwọn ará ilé tó gbà pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn ni wọ́n lọ. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní kọ̀, tó ṣeé ṣe kó fi sirinji tó ti lò tẹ́lẹ̀ gún wọn. Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Mo máa ń bú wọn lọ́kàn mi, mo sì máa ń gún wọn.

Mi ò gún wọn ní ohun tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Omi abẹ́rẹ́ ni. Inú ike kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ ló máa ń wà, omi mímọ́ gaara tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ onílẹ̀bú kí wọ́n tó fà á sínú sirinji. Òun fúnra rẹ̀ kì í wo nǹkan kan. Màá fún oníbà ní oògùn ibà gidi kó lọ máa lò nílé, màá wá fi omi gún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta á padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ omi. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ.

Màámi, ìyá tó bí mi, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó, Ìgándò ni wọ́n sì dàgbà sí. Irun ni wọ́n ń dì. Lábẹ́ agbòjò ńlá kan níwájú ilé ni wọ́n ti di ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé àti ìyá ọmọ, títí oríkèé ìka wọn fi wú. Nígbà tí ọwọ́ kò gbé e mọ́, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n jókòó sílé, ìjókòó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àìsàn tirẹ̀ sílẹ̀. Ara ríro, ẹ̀yìn dídùn, àìróorunsùn. Nígbà tí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru. Wọ́n kọ oògùn oníhóró méjì fún wọn, pé kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́.

"Títí dìgbà wo?" ni Màámi bi dókítà.

"Títí lọ, Mà."

Wọn ò gbójú kúrò lára mi títí a fi délé, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. "Títí lọ! Oògùn tí èèyàn ń lò tí kì í parí, oúnjẹ nìyẹn, kì í ṣe oògùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ǹ bá má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ń ra oògùn náà fún wọn lóṣooṣù láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ti ń ra ọjà, nítorí pé ọwọ́ mi ló rọrùn fún. Àwa méjì péré la kù fún wọn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Ìyànà Ìpájà, tí mo ń pè ní Àǹtí. Àǹtí ń gbọ́ ti aṣọ àti oúnjẹ wọn. Èmi ni ti ara. Bí a ṣe pín in nìyẹn láìjókòó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kẹ̀kẹ́ já Màámi sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n ní, "Gún mi."

"Kí ló ń ṣe yín, Màámi?"

"Gbogbo ara. Gún mi bó o ṣe ń gún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ga díẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n ní àwọn ń lò ó. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í bá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ṣọ̀rẹ́, Màámi sì tún ní ọgbẹ́ inú. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àlàyé ni kí n máa fi tọ́jú àwọn ni? Àwọn tó wà níjókòó bú sẹ́rìn-ín. Mo mú wọn wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo já ike omi abẹ́rẹ́ kan, mo fà á, mo gún wọn. Wọ́n dijú, wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí wọ̀ mí lára."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n ní ẹ̀yìn àwọn fúyẹ́. Mo ní "Ẹ ṣeun, Màámi." Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Kò sí ẹni tó ti yìn mí bẹ́ẹ̀ rí, àfi àwọn oníbà.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ti gbogbo ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìgándò wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Wọn ò fẹ́ kí n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń fún àwọn lápá jù. Èmi náà ò jiyàn mọ́. Bí ó bá rẹ ènìyàn láti máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn, á dà bí ẹni pé ọ̀wọ̀ ló ń fún un. Ó wá ku kí n gbé omi, kí n gún wọn, kí wọ́n ní "Hẹ̀n-ẹ́n," kí wọ́n sọ̀rọ̀ àdúgbò fún mi díẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ń ròyìn mi fún gbogbo Ìgándò. Àwọn ìyá àgbà kan tilẹ̀ bá wọn wá, tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn fẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan wá tí n kò lè gbàgbé. Èèyàn mẹ́ta ló ń dúró dè mí níwájú, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ń ké. Mo ti gún Màámi tán, mo ń fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ni wọ́n bá yíjú sí mi.

"Abẹ́rẹ́ yìí, ṣé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru náà jà?"

Mo gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi bi mí, ojú ẹni tó ń retí ìròyìn ayọ̀ ni, ọmọ yẹn sì ń ké.

"Ó ń bá gbogbo ẹ̀ jà, Màámi."

Ojú wọn tàn. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n wé ìborùn wọn. Ẹyin lohùn. Àwọn tó mọ̀ mí á fẹ́ gbèjà mi, wọ́n á ní omi lásán ni mo gún wọn, omi ò pa èèyàn. Omi kọ́ ni mo ń sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ń sọ. Mo ti ronú títí pé kí ló máa ná mi bí mo bá ní, "Rárá o, oògùn oníhóró yín ló ń bá a jà." Kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ojú wọn nìkan ni kò ní tàn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ará ilé wọn pè mí pé Màámi ṣubú síbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì. Nígbà tí mo débẹ̀, ìkòkò omi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún wọn ò gbéra. Wọ́n mọ̀ mí. Ojú wọn ń tẹ̀ lé mi. Mo pe Àǹtí, a gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lè bí ni, ó sì ṣe jẹ́ẹ́. Ó ní kí a kó gbogbo oògùn tí Màámi ń lò wá. Àǹtí ló padà lọ sí Ìgándò. Ó dé pẹ̀lú agolo wàrà ńlá kan tó bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kún inú rẹ̀, páálí lórí páálí, a ò tíì já ọ̀kan. Mo kà wọ́n. Gbogbo èyí tí mo rà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn ló pé síbẹ̀. Wọ́n tò ó dáadáa bí wọ́n ṣe máa ń to òwú ìdirun wọn. Wọn ò fẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn ò lò ó, kí inú má baà bí mi.

Dókítà wo páálí náà, ó wò wá. "Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń lò?"

"Abẹ́rẹ́," ni Àǹtí yára dáhùn. "Àbúrò mi yìí ló máa ń gún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn dáa gan-an, dókítà. Òun ló gbé wọn dúró."

Dókítà yíjú sí mi. Mo ní kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé kúlà oúnjẹ kọjá, mo sọ fún un. Mo rò pé á bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi.

"Placebo," ló ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn?"

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, Mà. Ohun tí kò ní oògùn nínú, tí a fún aláìsàn kó lè rò pé oògùn ni." Ó wolẹ̀. "Òun kọ́ ló ń pani. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ló ń pani."

Ó padà wọlé. Èmi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fún mi láti fi ra oògùn, mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bóyá mo rò pé bí mo bá ti mọ orúkọ rẹ̀, mo lè mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Màámi lò sí i. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èémí wọn dákẹ́. Kí ìrun Àsárì tó tó, a ti sin wọ́n. Bí tiwa ṣe ń yá nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí pé n kò mọ ohun tí mo lè fi wákàtí kan sí i ṣe.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó ilé ò ṣeé jókòó, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń yìn mí. Pé mo gbìyànjú. Pé ọmọ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Mo ṣílẹ̀kùn, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá.

Bàbá kan ló wá. Wọ́n ń gbé lẹ́yìn Kọmáńdì, àgùdà ni wọ́n, wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Oògùn ojú ni wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ mi. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ fádà, wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ìyàwó, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé gbogbo ohun tí ìyàwó jẹ́ kó kù fún àwọn ni Látìn. Wọ́n kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Bí mo ṣe ń wá oògùn ojú wọn, ọkàn mi lọ sórí ìwé yẹn. Mo yọ ọ́ nínú àpò mi.

"Bàbá, èdè wo lèyí?"

Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. "Ta ló fún ọ ní èyí?"

"Dókítà kan ni."

"Látìn ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Placere ni ìyá rẹ̀." Wọ́n jókòó. Inú wọn dùn, ó hàn lójú wọn. Ta ló ń bi wọ́n ní Látìn ní Ẹ̀gbẹ́dá? "Láti wu èèyàn. Láti ṣe ohun tó máa dùn mọ́ ọn, tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí o bá wá ní placebo, o ń ṣèlérí ni. Èmi yóò wù ú. Èmi yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn."

"Ibo ló ti wá?"

"Ó jinlẹ̀ o. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ohun tó tẹ́jú ló ti wá, pẹrẹsẹ, bí omi òkun tí kò rú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò rú ni inú rẹ̀ dùn. Àti please tí àwọn òyìnbó ń sọ, ọmọ rẹ̀ náà ni."

"Báwo ló ṣe wá di ti dókítà?"

Bàbá yọ gíláàsì wọn. "Ibi òkú ló gbà débẹ̀, ọmọ mi. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú, àwọn àlùfáà wa á kọ Sáàmù fún un ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló sì bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ: èmi yóò wu Olúwa nílẹ̀ àwọn alààyè. Àwọn kan wá wà tí wọn ò bá òkú tan rárá, tí wọ́n á wá jókòó sáàárín ọlọ́fọ̀, wọ́n á bá wọn kọ ọ́, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn èèyàn wá ń fi ọ̀rọ̀ náà pe irú wọn. Láti orí wọn ló ti di ti ẹlẹ́nu dídùn, ẹni tó ń sọ ohun tí o fẹ́ gbọ́. Àwọn dókítà wá gbé e fún oògùn tí a fún èèyàn kí inú rẹ̀ lè dùn, tí kò wò ó."

Mo di oògùn ojú wọn mú sọ́wọ́. Bàbá rò pé ó wù mí láti gbọ́ sí i.

"Ohun tó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Dáfídì kò sọ bẹ́ẹ̀. Rírìn ló wà nínú èdè tó fi kọ ọ́. Pé òun á máa rìn níwájú Olúwa nílẹ̀ alààyè. Rírìn náà ló wà nínú ti Yorùbá wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi ti ọwọ́ Gíríìkì bọ́ sí Látìn, rírìn ti di wíwuni."

Ilé kéú ni èmi lọ ní kékeré. Mo ka ohun tí mo kà lórí wàláà láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì ń gbọ̀n bí mo bá ṣì í kà. Látìn Bàbá yìí ṣe mí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti jókòó sí ìlú òkèèrè, tí kò mọ Ìgándò, tí kò mọ irun dídì, ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

"Bàbá, ta wá ni wọ́n ń tẹ́ lọ́rùn?" ni mo bi wọ́n. "Ẹni tó gbà á ni, àbí ẹni tó fún un?"

Wọ́n gbé gíláàsì wọn padà sójú. Wọ́n wo ojú mi, mo sì rò pé nígbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe Látìn ni mò ń bi wọ́n. "Látìn ò sọ ìyẹn," ni wọ́n ní. Wọ́n gba oògùn ojú wọn, wọ́n ní kí n pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ.

Èmi mọ ìdáhùn náà. Èmi ló tẹ́ lọ́rùn. Èmi ni mo fẹ́ kí ojú wọn tàn, kí wọ́n máa wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n máa pè mí ní Dókítà níwájú àwọn ìyá àgbà Ìgándò, èmi tí n kò ka ìwé yanjú. Tí mo bá sọ pé ìfẹ́ ni, mo purọ́. Ìfẹ́ á bá wọn jà lórí oògùn oníhóró, á jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì, wọn ìbáà máa ṣépè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Tèmi kò tó ọdún kan, nígbà tí òótọ́ sì fi máa bá a, kò bá Màámi láàyè.

Ọjọ́ kẹjọ a ṣe fídáù. Àwọn ààfáà ka Kùránì, wọ́n ṣe wáàsí, a pín oúnjẹ. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò mọ Màámi rí, tí ó ń mi orí tí ó ń ní "Ìyá rere ni." Tẹ́lẹ̀, irú wọn máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ yẹn, mo bu ẹran kún ti ọ̀kan nínú wọn. Ta ni mí tí màá fi bínú?

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, mo wọ yàrá Màámi láti ká ẹní. Àǹtí wọlé tẹ̀ lé mi. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Orí yìí ò yé fọ́ mi láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Àyà mi ń já. Mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi lánàá, wọ́n ní tèmi náà ti ń ru." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká. "Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró. Má dárúkọ oníhóró fún mi jàre. Èyí tó o máa ń gún Màámi, òun ni kó o gún mi."

Mo wo apá rẹ̀. Apá Màámi ni, ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò kàn tíì hunjọ.

"Omi ni, Àǹtí."

"Omi wo?"

"Èyí tí mò ń gún wọn. Omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn oníhóró yín."

Kò tètè yé e. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di aṣọ mú léjìká.

"Màámi mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Wọ́n rò pé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Wọ́n sọ fún mi. Ta ló sọ fún wọn bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Mo retí kó pariwo. Ilé ṣì kún fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ì bá gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọlẹ̀ ni.

"Ọjọ́ tí mo bá yín ní ṣọ́ọ̀bù," ló ní, "o ṣẹ̀ṣẹ̀ gún wọn tán. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Wọ́n ní bó o ṣe ń tọ́jú àwọn yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ tìẹ náà á ṣe tọ́jú ẹ. Mo wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó o fi dáhùn." Ó fa apá aṣọ rẹ̀ bọ̀ sílẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Mo ní àmín, Àǹtí."